Àpò tí ọkàn ń gbé

Ní ìsọ̀ alápatà ní Kàbà, bí wọ́n bá la àyà ewúrẹ́, ọkàn kì í wà ní ìhòòhò. Inú àpò funfun kan ló ń gbé, ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí ọ̀bẹ bá kan àpò náà, omi díẹ̀ á jáde, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn.

Pericardium ni àwọn dókítà ń pè é, láti inú èdè Gíríìkì: peri ni yíká, kardia ni ọkàn. Awọ òde rẹ̀ yi. Òun ló so ọkàn mọ́ egungun àárín àyà níwájú àti iṣan tó pààlà àyà òun ikùn nísàlẹ̀, kí ó má baà máa fì kiri. Awọ inú fẹ́lẹ́, ó sì ní ojú méjì. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ awọ òde, èkejì lẹ̀ mọ́ ọkàn gan-an: epicardium nìyẹn. Omi tó wà láàárín wọn kì í sábà ju mílílítà 15 sí 50 lọ. Ọkàn tó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ nílò rẹ̀ kí awọ má baà máa ha awọ.

Bí àpò yìí bá wú, pericarditis ni. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kàbà wà, “àyà ń dùn mí” ni kálukú máa wí, ohun yòówù kó fà á, ṣùgbọ́n ìrora èyí ní ìwà tirẹ̀. Ó ń gún ni bí ọ̀bẹ, ó ń le sí i téèyàn bá nà gbalaja, ó sì ń dẹ̀ téèyàn bá jókòó tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń fi òru jókòó, tó di ìrọ̀rí mọ́ àyà, kó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà.

Ibi tó le jù ni kí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ kún inú àpò. Awọ òde kì í tètè fà. Bí ọ̀bẹ bá gún ọkàn, bíi mílílítà 200 tó ya wọlé lójijì ti tó láti há a mọ́ títí kò fi ní rí àyè gba ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn á yọ gọngọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ìró ọkàn á sì dà bí ìlù tí wọ́n fi aṣọ bò. Tamponade nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi náà jáde kíákíá, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń kún, bíi ti ikọ́ ife, tó wà lára olórí ohun tó ń fà á ní Áfíríkà, àpò náà á máa nà, ó lè gba ju lítà kan lọ kí èémí tó ń há.

Nígbà míì, lẹ́yìn tí ikọ́ ife bá ti lọ, àpò náà á gan, á le bí èèpo. Ẹsẹ̀ àti ikùn á wú, àwọn ará ilé á ní ẹ̀dọ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń bó o kúrò, ọkàn sì lè máa lù lọ láìsí i.