Bí Aláwọ̀ Dúdú Montgomery Ṣe Ń Dé Ibi Iṣẹ́ Láìwọ Bọ́ọ̀sì fún Ọjọ́ 381

Ìtàn bọ́ọ̀sì Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í sábà kọjá Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá mú ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955 nítorí pé kò dìde fún èèrò aláwọ̀ funfun. Ìgboyà rẹ̀ kò kéré rárá, mímú tí wọ́n mú un ló sì mú kí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà pa bọ́ọ̀sì tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa bọ́ọ̀sì tì ṣì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kó sì padà sílé lálẹ́. Ètò tí wọ́n ṣe lórí èyí ló gbé ìjà náà dé ọjọ́ 381.

Nígbà yẹn, ìjókòó 10 iwájú bọ́ọ̀sì, bó ṣófo bó kún, kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Á sanwó lọ́dọ̀ dírẹ́bà, á bọ́ sílẹ̀, á lọ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Dírẹ́bà mìíràn á ti wakọ̀ lọ kó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn yìí tó bíi mẹ́ta nínú èèrò mẹ́rin. Owó wọn ló ń gbé ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ró, owó yẹn ni wọ́n sì fà sẹ́yìn ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni, wọn ò fọ́ dígí kankan.

Àwọn onítakisí aláwọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ gbà wọ́n sílẹ̀: sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń gbà, bíi ti bọ́ọ̀sì. Ìjọba ìlú ní owó takisí ò gbọdọ̀ dín sí sẹ́ǹtì 45. Ni wọ́n bá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, tó ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1953: kí àwọn tó ní mọ́tò máa fi gbé àwọn tí kò ní. Nǹkan bíi 300 ọkọ̀ jáde. Àwọn tó ń pín lẹ́tà, tí wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, bá wọn ya àwọn ibùdó sórí máàpù. Owó epo ń wá láti inú ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Georgia Gilmore àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń kó èrè rẹ̀ síbẹ̀.

Ọlọ́pàá ń dá àwọn awakọ̀ dúró, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ ọkọ̀ wọn. Lloyd's ti London ló wá gbà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, àwọn kan ju bọ́ǹbù sílé Martin Luther King, ọ̀dọ́ pásítọ̀ tó ń darí wọn. Àwọn kan lára àwọn èèyàn tó sáré wá síbẹ̀ ti gbé ohun ìjà dání. King ní kí wọ́n padà sílé, wọ́n sì padà.

Obìnrin mẹ́rin, tí Parks kò sí lára wọn, ti gbé òfin bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá wọn láre. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ilé ẹjọ́ Montgomery fòfin de ètò mọ́tò wọn. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ tó ga jù náà kò tíì dé láti Washington, nítorí náà ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi rìn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n to àga bí ti bọ́ọ̀sì, wọ́n ń fi kọ́ra bí èèyàn á ṣe jókòó tí wọ́n bá bú u tàbí tì í, tí kò sì ní dá a padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1956, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì jókòó síwájú.