Àwọn àwòrán René Gruau fún ilé aṣọ Dior

Àwọn àwòrán tí ayàwòrán René Gruau yà fún ilé aṣọ Christian Dior ní ìlú Paris láti ọdún 1947 wà lára iṣẹ́ tí a mọ̀ jù lọ nínú àwòrán oge ilẹ̀ Faransé ní àárín ọ̀rúndún ogún. Ìwé ìròyìn àti ìpolówó ọjà ni ó yà wọ́n fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tọ́jú, pàápàá Museo della Città ní Rimini.

Ní Rimini yìí, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1909. Ọlọ́lá ará Ítálì ni bàbá rẹ̀, ọmọ Faransé sì ni ìyá rẹ̀; orúkọ ìdílé ìyá yìí, Gruau, ni ó ń jẹ́. Ó kú sí Rome ní ọdún 2004.

Ìlà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú ni ó fi ń fà á. Ìlà náà a nípọn níbi tí aṣọ bá ti ṣẹ́po, a sì máa tín-ín-rín títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á. Nígbà mìíràn, kì í fa ìlà èjìká tàbí ti etí síkẹ́ẹ̀tì dé òpin: funfun bébà ni yóò di ara aṣọ, tí ojú òǹwòran yóò sì parí ìyókù. Àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, dúdú, funfun àti pupa ni ó sì fẹ́ràn jù, tí ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí òjìji. Àwọn onímọ̀ sábà ń tọ́ka sí àwòrán tí àwọn ará Japan fi pákó gbígbẹ́ tẹ̀ àti ìpolówó ara ògiri ti Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ará Faransé, gẹ́gẹ́ bí orísun ọnà yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ní ipa níbẹ̀, nítorí pé àwọ̀ pẹrẹsẹ rọrùn láti tẹ̀ ju òjìji lọ.

Ọnà yìí bá aṣọ Dior mu gan-an. Aṣọ tí Dior kọ́kọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1947, tí Carmel Snow, olóòtú ìwé ìròyìn oge Harper's Bazaar, sọ ní New Look (Ìrísí Tuntun), fún mọ́ ìbàdí, èjìká rẹ̀ rọ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gùn, ó fẹ̀. Ìrísí rẹ̀ láti òkèèrè ni ẹwà rẹ̀ wà, ìlà búrọ́ọ̀ṣì mélòó kan sì tó láti gbé ìrísí náà jáde.

Fún lọ́fíńdà Miss Dior, tí ó jáde ní ọdún kan náà, Gruau kò ya obìnrin nínú ìpolówó kan. Ẹyẹ swan funfun, ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn, ni ó yà, tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ péálì àti ríbọ́ọ̀nù dúdú sí i lọ́rùn. Nínú òmíràn, ọwọ́ obìnrin kan sinmi lórí ẹsẹ̀ ẹkùn. Bí fọ́tò ṣe ń gba ojú ewé ìwé ìròyìn lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán ní àwọn ọdún 1950, ìpolówó ni Gruau túbọ̀ gbájú mọ́. Òun náà ni ó ṣe ti lọ́fíńdà ọkùnrin Eau Sauvage ní 1966. Somerset House ní London pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún Dior láti ọdún 2010 wọ 2011.