Pípààrọ̀ Gáàsì Ìmí Lábẹ́ Omi

Amòòkùn tó ń lọ sísàlẹ̀ gan-an kì í gbé sílíńdà kan ṣoṣo. Gáàsì tó máa mí nísàlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó máa mí nígbà tó bá ń gòkè bọ̀ sì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pípààrọ̀ gáàsì ni kó yọ ti ẹ̀yìn kúrò lẹ́nu, kó fi ti ẹ̀gbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kì í pẹ́ rárá, àmọ́ ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kankan bàjẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀? Náítírójìn àti híliọ́mù tí amòòkùn mí nísàlẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ lọ. Tó bá sáré gòkè, wọ́n á hó bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, oríkèé á máa ro ó, ó sì lè rọ lápá lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń dúró lójú ọ̀nà. Bí gáàsì tó ń mí níbi ìdúró bá ní ọ́síjìn púpọ̀, náítírójìn àti híliọ́mù tó wà lára rẹ̀ á tètè jáde.

Ọ́síjìn yìí kan náà ló léwu. Láti ọdún 1878 ni Paul Bert, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ́síjìn tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù máa ń fa gìrì. Lókè omi, bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí nǹkan fi ń tẹni) ni afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá, mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá tá a bá sì wọ̀ sísàlẹ̀ máa ń fi bar 1 kún un. Ní mítà 21, ó ti di bar 3.1. Bí ìdajì gáàsì bá jẹ́ ọ́síjìn, agbára ọ́síjìn níbẹ̀ jẹ́ 1.55, ìyẹn ò kọjá 1.6 tí ọ̀pọ̀ amòòkùn fi ṣe ààlà nígbà ìdúró. Ọ́síjìn tí kò lábùlà, mítà 6 ni tirẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi í sẹ́nu ní mítà 21 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Gìrì náà sábà máa ń dé láìfura. Ní orí ilẹ̀, ó lè kọjá lọ. Lábẹ́ omi, ohun tó fi ń mí á jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Orí ilẹ̀ ni ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Kí amòòkùn fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó rí, ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó kọ jíjìn tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ní nọ́ńbà gàdàgbà tí ẹlòmíì lè kà: 21, tàbí 6. Èmi ò fara mọ́ fífi àwọ̀ rọ́bà tí gáàsì ń gbà dé ẹnu dá gáàsì mọ̀ rárá. Pupa kì í pẹ́ di dúdú lábẹ́ omi, ẹrẹ̀ sì lè bo gbogbo rẹ̀.

Tó bá dé ibi ìdúró, kó dúró gbọin-in. Kó wo jíjìn tó wà lójú kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kó ka nọ́ńbà ara sílíńdà, kó wá ṣí i. Kó di rọ́bà mú níbi tó ti jáde lára sílíńdà yẹn gan-an, kó máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ títí dé ibi tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Bí sílíńdà méjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́, níbí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé, torí rọ́bà wọn jọra. Ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ omi á wò ó pẹ̀lú: nọ́ńbà, jíjìn, rọ́bà. Ìgbà tó bá fọwọ́ sí i ni kó tó yọ èyí tó wà lẹ́nu.

Tó bá ti ń mí i, kó yí gáàsì tó wà nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, torí kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó wà lẹ́nu èèyàn. Ẹ̀yìn èyí ni ẹnì kejì á tó pààrọ̀ tirẹ̀. Kí àwọn méjèèjì má ṣe é pa pọ̀.

Bí nọ́ńbà ò bá ṣeé kà, tàbí tí ẹnì kejì mi orí, kó má pààrọ̀ rẹ̀. Kó máa mí gáàsì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kó sì fi kún iye ìṣẹ́jú tó máa fi dúró. Nítorí irú ọjọ́ yẹn, kí gáàsì ẹ̀yìn tó máa ṣẹ́kù ti wà nínú ìṣirò kó tó wọ omi.