Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Ṣáàtì, Ẹ Ṣáà Yọ Ọ́ Kúrò Lára Ògiri

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nídìí iṣẹ́ yìí ni pé báwo làwọn ṣe máa gba fóònù lọ́wọ́ èrò tó ń ṣáàtì nígbà táwọn bá ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́ èèyàn bó ṣe máa dúró níwájú àwùjọ kó sì sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́, ilé iṣẹ́ ń pè mí, ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ń pè mí. Ẹni tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú 40 sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó fowó ọkọ̀ ara wọn wá, kò ní bi mí pé kí lòun máa sọ tí wọ́n á fi gbé fóònù sílẹ̀ fúnra wọn, fóònù ló fẹ́ gbà. Ọ̀gá kan tiẹ̀ gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ní kí kálukú ju fóònù ẹ̀ sí i bó bá ṣe ń wọlé. Ta ló máa jù ú? Ìwé ìkésíni ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ju igba náírà sí i, ó rò pé ọrẹ ni.

Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ti Twitter pa fún gbogbo Nàìjíríà ní June 2021, wọn ò ṣí i títí di January 2022, ṣé àwọn èèyàn dákẹ́? Àwọn tí ò gbọ́ orúkọ VPN rí, ìyẹn áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n bá tì pa, kó tó tó ọjọ́ mélòó kan àwọn ló ń kọ́ ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tíjọba ò rí ṣe, ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi máìkì kan ṣoṣo ṣe.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn yín, ẹ máa ní wọ́n ń fojú di yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dorí kodò yẹn, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹnì kan ya fọ́tò sláìdì yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ tí ò lè wá, ẹlòmíì ń bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí ni nǹkan tí wọ́n ń pè yìí, òmíràn ń bá yín jiyàn nínú gúrúùpù, ẹni tó ń bá yín jiyàn sì ti gbọ́ yín. Ẹni tó yẹ kó bà yín lẹ́rù lẹni tó ń wò yín lójú kòròkòrò, tó ń mi orí, tọ́kàn ẹ̀ ti wà ní Ọ̀ṣọ́dì. Ìyẹn ò gbé fóònù dání rárá, inú yín á sì máa dùn sí i.

Mi ò ní sọ ti ohùn, ti ìdúró, ti bí sláìdì ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó bá ṣì ń kó ìlà 30 sójú sláìdì kan, kó lọ tún ìyẹn ṣe ná ká tó jọ sọ̀rọ̀ ṣáàtì.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ti ògiri. Àwọn tó ń bá èèyàn ṣètò òde ló kó o dé, wọ́n á gbé pròjẹ́kítọ̀ kejì, wọ́n á máa fi gbogbo ohun tí èrò ń kọ han gedegbe lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná. Ó máa ń gbóná lóòótọ́, ẹni tó wà lórí ìtàgé ló máa jó. Ní November 2009 wọ́n pe danah boyd sí àpérò Web 2.0 Expo ní New York, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà ni, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ má rò pé ará oko kan ni. Wọ́n gbé Twitter sójú ògiri lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo èrò ń kà á, òun nìkan ni kò rí i, iná ìtàgé sì tún wọ̀ ọ́ lójú tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí ojú àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó kàn gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Lọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́nu ẹ̀, bó ṣe ń sáré sí i ni wọ́n ń kọ ọ́ sójú ògiri pé ó ti ń yára jù, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Òun fúnra ẹ̀ ló padà kọ gbogbo ẹ̀ síta. Tí irú ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ fún, kí lẹ rò pé ó máa ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yín?

Ẹ má sì rò pé torí ìtìjú nìkan ni mo fi ń pariwo. Ojú àti etí lè pín iṣẹ́, ẹ lè wo àwòrán kẹ́ ẹ máa gbọ́ àlàyé ẹ̀, wàhálà ò sí níbẹ̀, àwòrán yẹn á tiẹ̀ jẹ́ kí àlàyé yẹn tètè yé yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lojú ń kà tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ míì letí ń gbọ́, ojú kan náà nínú ọpọlọ làwọn méjèèjì ń du, ọ̀kan gbọ́dọ̀ já bọ́. Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé èyí nígbà tí ọmọ yín bá ń ròyìn ohun tí tíṣà ṣe fún un, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó sọ fún mi. Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà tiẹ̀ gbé e jáde ní 2013 pé nínú kíláàsì, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe nǹkan míì, máàkì ẹ̀ á wálẹ̀, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé ẹni tó jókòó síbi tó ti ń rí kọ̀ǹpútà yẹn, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, máàkì tiẹ̀ náà wálẹ̀. Ẹ wá gbé ṣáàtì sójú ògiri, ẹ sọ gbogbo gbọ̀ngàn di ẹni tó jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ẹ tún wá ní wọn ò gbọ́ yín.

Àwọn kan á ní àwọn náà ń kọ́ni ní ìsọ̀rọ̀ o, wọ́n pọ̀ lórí Instagram, àwọn ló ń sọ fún yín pé ọkàn ọmọ aráyé ò lè dúró sójú kan ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ mọ́, pé ẹja wúrà inú gíláàsì sàn jù wá lọ. Ìwé kan tí Microsoft gbé jáde ní Kánádà ní 2015 ló fọ́n ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri, ilé iṣẹ́ BBC wá orísun ẹ̀ lọ ní 2017, wọn ò rí ìwádìí kankan tó gbé e dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 8! Ẹni tó ń jókòó ti olórin fújì títí ilẹ̀ fi mọ́, tó ń ṣe àìsùn látalẹ́ dàárọ̀, òun lẹ wá ń fi wé ẹja. Ọ̀rọ̀ yín ni kò dùn. Ti àwọn tó ń jẹ ataare méje kó tó gba máìkì, tàbí tó ń fi òróró pa máìkì torí ó ní wọ́n de òun lóhùn, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ataare ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ nínú gúrúùpù. Èèyàn lẹ nílò.

Ẹni yẹn ni mo máa ń pè ní elégbè. Ẹ mú ẹnì kan, kó jókòó síbi tẹ́ ẹ ti ń rí ojú ẹ̀, kó wà nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣáàtì, òun ló ń kà á, ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ kà á. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń sọ, kó gbé ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta dìde, èébú kó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí wọn ò bá gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn, tàbí tí ọ̀rọ̀ ò yé wọn, ó kàn máa ṣẹ́wọ́ sí yín ni. Ní March 2008, ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, akọ̀ròyìn Sarah Lacy ń fọ̀rọ̀ wá Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ lẹ́nu wò lórí ìtàgé àpérò tí wọ́n ń pè ní SXSW, bó ṣe ń bi í ní ìbéèrè ò tẹ́ àwọn èrò lọ́rùn, orí Twitter ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kùn síra wọn, ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń pariwo látìsàlẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń bá a wò ó ni, ṣebí ì bá ti yí ọwọ́ padà kó tó di ariwo. Ẹ rí i pé n ò ní kẹ́ ẹ má mọ ohun tí wọ́n ń sọ o, mo ní kẹ́ ẹ má fojú ara yín kà á.

Torí mo ti rí pásítọ̀ tó ń wàásù tó ń tẹ̀ mọ́ fóònù, "Sister wa láti London, a rí yín o," ìwàásù ti já sílẹ̀ látìgbà yẹn. Òun náà ló sọ lórí YouTube pé kí wọ́n táìpù Àmín, kò rí nǹkan kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé ìgbàgbọ́ wọn ti tutù. Ìgbàgbọ́ wọn ò tutù o jàre, ohun tẹ́ ẹ sọ lórí YouTube máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú, Àmín wọn á wá bọ́ sórí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ka ẹṣẹ̀ wọn fún wọn. Zoom ò pẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti Zoom ní tiẹ̀, kẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì wo ibi tí wọ́n kọ Everyone sí dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, alága fẹ́ ka ìṣirò owó, ó so laptop ẹ̀ mọ́ pròjẹ́kítọ̀, gbogbo ohun tó wà lójú laptop ló wà lójú ògiri, WhatsApp Web ẹ̀, ìyẹn WhatsApp tí wọ́n ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, sì wà ní ṣíṣí. Ó kọjú sí wa, ó kẹ̀yìn sí ògiri. Akápò wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, òun náà dorí kodò bíi tàwọn yòókù. Kò pẹ́, nǹkan kékeré kan yọ ní igun ògiri: "Ẹ sáré fo sláìdì 11 o, owó ilẹ̀ yẹn ò tíì pé." Kó tó wọlé padà, ẹnì kan ti ya á. Sláìdì 7 ni alága ṣì wà, fọ́tò yẹn ti dé gúrúùpù ọmọ ẹgbẹ́, fóònù ń dún kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀ yí gbogbo gbọ̀ngàn ká, òun ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bu ọlá fún òun. Màmá kan dìde níwájú, wọ́n ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣí sláìdì 11." Ìrọ̀lẹ́ la kúrò níbẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó so okùn pròjẹ́kítọ̀, ẹ jáde kúrò nínú WhatsApp Web, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn gbé e wálẹ̀, ẹ jáde. Ẹ tan Do Not Disturb, òun ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí yín yọ sójú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ Windows ni, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ P, ẹ yan Extend, ẹ má yan Duplicate, sláìdì nìkan á wà lójú ògiri, àkọsílẹ̀ yín á wà lọ́dọ̀ yín. Lórí Zoom, fèrèsé sláìdì nìkan ni kẹ́ ẹ fi hàn, ẹ má fi gbogbo ojú kọ̀ǹpútà hàn. Tẹ́ ẹ bá wá ní akápò tó ń kọ irú nǹkan yẹn ránṣẹ́ sí yín, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tèmi, ẹ wá lọ́yà lọ.