Sọ́ńdè Kérésì lórí rédíò, bí wọ́n ṣe ń tò ó

Tí èèyàn bá yí rédíò sí iléeṣẹ́ tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, ní Sọ́ńdè tó bọ́ sáàárín Kérésì àti ọdún tuntun, kò sóhun tí kò ní gbọ́ tán: ìwàásù, orin ìyìn, ìkíni ọdún, eré oníṣe, bọ́ọ̀lù, ìkéde òkú. Gbogbo ẹ̀ á kàn máa tẹ̀léra bíi pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tó ń mú èyí tó bá ti wù ú. Irọ́ ni o. Ètò ọjọ́ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà sílẹ̀ kí kálukú tó gba ilé lọ, torí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà níyàá tó ń retí ẹ̀ lábúlé.

Owó lẹ ó kọ́kọ́ wò. Àkókò lọjà tí rédíò ń tà, wákàtí kan ò sì lè ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú lọ bó ti wù kó rí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ra àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹlòmíì ra ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹlòmíì ra ọgbọ̀n, wọ́n á sì ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nítorí náà Kérésì dé o, Kérésì ò dé o, páṣítọ̀ ló ń tẹ̀lé páṣítọ̀ láti ìdájí títí oòrùn á fi mú dáadáa. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pín fún ètò tó kù. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé tí wọ́n ń pè ní log, ohun tó máa lọ ní agogo báyìí, ìpolówó tó máa tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú àáyá tó máa gbà. Ẹni tó wà ní sitúdíò ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ yí i, torí ìwé yẹn náà ni wọ́n máa fi gbowó lọ́wọ́ oníbàárà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gbígbà sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìkẹrìndínlógún oṣù December, ẹ ó rí atọ́kùn kan tó jókòó sídìí gbohùngbohùn ní ọ̀sán gangan tó ń pariwo "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé," nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ra adìẹ nílé ẹ̀. Ó lè gba ètò mẹ́ta mẹ́rin lọ́sàn-án kan ṣoṣo, bó bá ti parí ọ̀kan á mumi, á yí ohùn padà, á bọ́ sí èkejì. Pàkúté tó wà níbẹ̀ pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ pe agogo, kò gbọ́dọ̀ ní "àná," kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọyẹ́ mú lónìí, kò sì gbọ́dọ̀ kí èèyàn pé ẹ kú ọ̀sán, torí wọ́n lè gbé ètò náà lọ sálẹ́. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń sọ "ẹ kú déédéé àsìkò yìí" ṣáá, ìkíni tó bá àárọ̀ mu tó bá òru mu. Bí Yorùbá ò bá ní i nílẹ̀, àwọn onírédíò ì bá dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á tán, ọjọ́ tó máa lọ ni wọ́n ń kọ mọ́ orúkọ fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ṣi ọjọ́ kọ níbẹ̀ ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ẹ kú Kérésì nígbà táwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́ padà.

Ìkíni ọdún ní wàhálà tiẹ̀. Oníbàárà á wá, á kọ orúkọ ẹbí ẹ̀ sínú bébà, á sanwó, á máa lọ. Bébà yẹn ò lámì kankan lórí. Wọ́n kọ "Oke" síbẹ̀, ṣé Òkè ni àbí Ọ̀kẹ́? Akọ̀wé tó gbọ́n á ní kí onítọ̀hún dúró kó fẹnu ara ẹ̀ pe gbogbo orúkọ náà, á fàmì sí i, nítorí bí ọkùnrin kan bá pe gbogbo àdúgbò jókòó sídìí rédíò tán, tí wọ́n wá ṣi orúkọ ìyá ẹ̀ pè, ìjà ló kù.

Apá tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ò pọ̀, òun ló sì dùn jù. Atọ́kùn kan, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì, fóònù. Nígbà tí rédíò wọ Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí tí wọ́n fa wáyà sí nínú ilé ni, ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá a lóhùn, orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì bá a mu nígbà yẹn. Ní báyìí ó ń gba èsì, àfi "ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí rédíò yín sílẹ̀" tí wọn ò yéé pariwo. Ìdí ẹ̀ ni pé ohùn yín tó gba fóònù dé sitúdíò ló tún ń ti rédíò yín jáde, tí fóònù á tún gbé e padà, á wá máa yí po títí á fi di híhan goooro. Ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ ní London tún wà lọ́tọ̀: ohun tó ń gbọ́ fi ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀ pẹ́ lẹ́yìn, nítorí náà bó bá ń tẹ̀ lé rédíò ẹ̀ dípò fóònù, ìbéèrè àná ló ń dáhùn. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ n'Íbàdàn, mẹ́sàn-án ni lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ará New York ṣì wà lórí ibùsùn, agogo mẹ́rin ìdájí ni.

Èyí tó le jù ni ìgbà tí Kérésì fúnra ẹ̀ bá bọ́ sí Sọ́ńdè, bíi 2016 àti 2022, yóò tún di 2033 kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ra àyè wọn ò ní yọ̀ǹda, ìsìn Kérésì tí wọ́n fẹ́ gbé wá tààrà láti ilé ìjọsìn náà ń dúró, àlùfáà ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló kù, ẹni tó wà ní sitúdíò ló máa rọra fa ohùn ẹ̀ wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọrin. Ní 2022 yẹn, ìjọba fi Monday àti Tuesday sí ìsinmi, ó di ọjọ́ mẹ́ta gbáko táwọn tó kù síbi iṣẹ́ máa kún.

Ẹ má gbàgbé dísù o. Kí ilé epo tó tì tàbí kí wọ́n tó tò síbẹ̀ ni wọ́n ń rọ jẹnẹrétọ̀ kún, eruku ọyẹ́ sì ń dí ihò atẹ́gùn ẹ̀ pa, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n ọ́n. Tí iná bá lọ, tàbí fáìlì kọ̀ tí kò ṣí, tí rédíò dákẹ́ kẹ́, òmíì nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń mọ̀ ọ́n lára, òun fúnra ẹ̀ á ju orin kan síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ jùjú kan tó dédé bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán láìsẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀, tó tún pa dà wá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀ ti lọ jẹ ìrẹsì tiẹ̀.