Bí ọ̀rọ̀ àdàlù ìran ṣe wọ inú ìwádìí jíìnì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé níbí ná. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta ní 1859, àwọn tó lè kà á ò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ni Sàró, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n wá ti Sierra Leone padà wálé pẹ̀lú orúkọ òyìnbó. Ká ní ẹnìkan jókòó nígbà yẹn tó ń ka orúkọ àwọn èèyàn ìlú, á rí i pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ló mọ̀wé jù. Ṣé orúkọ ló wá ń kọ́ èèyàn níwèé ni? Ilé ìwé ìjọ tí wọ́n lọ ní Sierra Leone ló kọ́ wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba orúkọ ọ̀hún.

Irú ọ̀fìn yìí gan-an làwọn tó ń wá jíìnì àìsàn, ìyẹn ohun tá a jogún lọ́wọ́ òbí tó lè fa àìsàn, lè kó sí, ibi tó sì ti hàn gbangba ni Arizona l'Amẹ́ríkà, láàárín àwọn Pima àtàwọn Papago, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà gan-an. William Knowler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó lé ní 4,900 wò, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1988. Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé nínú ẹni 100 tó ní i, 8 péré ló ní ìtọ̀ ṣúgà, nínú 100 tí ò ní i, 29. Ẹlòmíì á ti pariwo síta pé òun ti rí jíìnì tó ń lé ìtọ̀ ṣúgà. Àmọ́ ara òyìnbó ni àmì yẹn pọ̀ sí, Pima tó bá ní i, àfàìmọ̀ ni ò ní ní òyìnbó nínú ìyá ìyá ẹ̀ tàbí bàbá bàbá ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ya àwọn èèyàn náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Pima inú ìran wọn ṣe pọ̀ tó, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán. Jíìnì yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìran tó bá wọlé ló ń sọ̀rọ̀.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa wọn àdàlù, ìyẹn bí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe dàpọ̀ tó lára èèyàn, kí wọ́n tó dá jíìnì lẹ́bi. Pritchard, Stephens àti Donnelly ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún un ní 2000, àwọn míì tún gbé ọ̀nà tó yá jùyẹn lọ jáde ní 2006. Ṣùgbọ́n téèyàn bá fẹ́ wọn nǹkan, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n, àwa la sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀n yẹn. Iṣẹ́ HapMap, ìwádìí lórí bí jíìnì èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 gba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 n'Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. Wọn ò kọ àìsàn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o. Èyí máa ń dùn mí, pé ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n fi ń mọ iye Áfíríkà tó wà lára ẹlòmíì, síbẹ̀ wọn ò béèrè ohun tó ń ṣe wá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àdàlù tó ń dà wọ́n láàmú yìí wúlò. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, téèyàn bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún DNA wọn, ohun tí jíìnì wà nínú ẹ̀, ló ti Áfíríkà wá, ìyókù pọ̀ jù lọ jẹ́ ti òyìnbó. Wọ́n wá kó àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu jọ, wọ́n ń wo DNA wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibo ni apá Áfíríkà ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ? Kromosóòmù 22 ni, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí DNA pín sí. Ní 2008 wọ́n ní jíìnì MYH9 ni, ní 2010 ó hàn pé aládùúgbò ẹ̀, APOL1, ni. Oríṣi APOL1 méjì kan wà tó ń pa kòkòrò àìsàn oorun, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára wa, bí AS tá a máa ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì ṣe pọ̀ nítorí ibà. Ẹni tó bá gba oríṣi yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu kíndìnrín ẹ̀ ga. Wọ́n ní ẹyọ kan ò ṣe nǹkan.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, ibi tí DNA Áfíríkà àti ti òyìnbó ti jọ ń gbé nínú ara kan. Níbí ńkọ́, níbi tí àwọn ìdílé ti ń ta ilẹ̀ san owó dáyálísísì? Ó di 2024 ká tó gbọ́ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èèyàn tó lé ní 8,000 ní Gánà àti Nàìjíríà. Nǹkan bí ẹni 3 nínú 10 ló gba oríṣi yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹyọ kan náà sì ní tiẹ̀ nínú, ó ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 kún ewu, méjèèjì ń fi 25 kún un. Ká ní ti Amẹ́ríkà nìkan la dì mú ni, wọn ì bá ṣì máa sọ fún ẹni tó ní ẹyọ kan n'Ítòkú pé kó lọ fọkàn balẹ̀.