Nígbà tí ikọ̀ yunifásítì bá fìdí rẹmi, ta ló jẹ gbèsè pọ́ìǹtì?

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú kọ́ ló ń dá alátakò dúró. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, àwọn akọlù á jáde, àwọn adínà á wọlé. Ikọ̀ kẹta tún wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni iṣẹ́ tiwọn. Ìdí nìyí tí èsì ojú pátákó fi máa ń parọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ wo yunifásítì Auburn àti ti Alabama ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Auburn ló borí, 34 sí 28. Ẹni tó ka èsì nìkan á ní àwọn adínà Alabama ló jẹ́ kí 34 wọlé. Rárá o. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan péré, wọ́n wà ní 28 sí 28, Alabama wá gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 57 kó lè gba àárín òpó kọjá. Kò dé ibẹ̀. Chris Davis ti Auburn ti dúró dè é lẹ́yìn pátápátá, ó hán an, ó sì gbé e sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì. Ọrùn ikọ̀ afẹsẹ̀gbá ni pọ́ìǹtì 6 yẹn wà. Ìgbà mẹ́ta ni Alabama ti kọ́kọ́ gbá òfo ṣáájú. Pọ́ìǹtì 3 ni irú àfẹsẹ̀gbá bẹ́ẹ̀ kan, pọ́ìǹtì 9 ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọwọ́ àwọn adínà wá mọ́? Kò mọ́. Eré sísá nìkan ni Auburn fi gba yáàdì 296 lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Auburn ń wá ohun tí wọ́n máa fi dọ́gba, Tre Mason, asáré wọn, ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún ṣáá. Kọ́tábáàkì wọn (ẹni tó ń darí àwọn akọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), Nick Marshall, wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé e sáré fúnra rẹ̀. Adínà etí pápá ti Alabama já wá pàdé rẹ̀, ó fi Sammie Coates, agbábọ́ọ̀lù Auburn, sílẹ̀ lẹ́yìn, ni Marshall bá ju bọ́ọ̀lù sí i. Yáàdì 39, touchdown (bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò, pọ́ìǹtì 6), ó ku ìṣẹ́jú àáyá 32. Adínà etí pápá ni gbogbo ayé máa bú. Àmọ́ àárín àwọn adínà, tí eré sísá ti ń ya láti ìbẹ̀rẹ̀, ló fà á kúrò ní ipò rẹ̀.

Àwọn akọlù náà ní tiwọn. Yáàdì 495 ni Alabama gbà, Auburn gba 393. Síbẹ̀, nígbà tí Alabama dé yáàdì 13 Auburn, tó ku yáàdì kan ṣoṣo kí yáàdì 10 tí wọ́n ń wá pé, wọn ò rí i gbà.

Torí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n wò kì í gbẹ́kẹ̀ lé àpapọ̀ yáàdì. Ìgbìyànjú 4 ni ẹgbẹ́ ní láti gba yáàdì 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wọ̀n. Ìgbìyànjú kìíní yẹ kó gba ìdajì ohun tó kù, ìkejì ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkẹta àti ìkẹrin gbogbo rẹ̀. Yáàdì 3 nígbà ìkẹta tó ku 2, iṣẹ́ ni. Yáàdì 7 nígbà ìkẹta tó ku 8, òfo ni, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

Wọ́n á tún wo ibi tí alátakò ti bẹ̀rẹ̀, torí bí kọ́tábáàkì bá ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá nítòsí ilé, adínà kọ́ ló dáràn. Ohun kan tún máa ń tan èèyàn jẹ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì: tí wọ́n bá gbá kọ́tábáàkì mọ́lẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, inú yáàdì eré sísá ni wọ́n ti ń yọ àdánù rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò mọ kọ́tábáàkì rẹ̀ í dáàbò bò á wá dà bí èyí tí kò mọ eré sá.

Nígbà mìíràn sì rèé, ẹ̀bi ò pín, ọ̀dọ̀ àwọn akọlù ló pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2012, Alabama na LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) 21 sí 0 nínú àṣekágbá. Àfẹsẹ̀gbá márùn-ún ló mú 15 wá nínú rẹ̀. Àwọn adínà LSU ò gba touchdown kankan láyè títí ó fi ku ìṣẹ́jú tí kò tó márùn-ún. Àmọ́ yáàdì 92 ni àwọn akọlù LSU gbà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò sì kọjá ìlà àárín pápá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.